Bí Ọdẹ́jìnmí Ṣe Ra Ìbọn Ẹlẹ́nu Ńlá

Ìrì-wọ́wọ́-orí-ewé, awo ìlú Ìsàlú, ló dífá fún Ọdẹ́jìnmí ọdẹ, lọ́jọ́ tó ń ṣọ̀fọ̀ àbúrò rẹ̀, tó sì ń wá ìbọn rà. Ẹ fara balẹ̀, ẹ̀yin èèyàn mi. Bí wọ́n ṣe sọ ọ́ fún mi ni n óò ṣe sọ ọ́ fún yín.

Ọdẹ́jìnmí kì í ṣe ọdẹ kékeré. Òun àti Ọdẹ́yalé àbúrò rẹ̀ ni wọ́n jọ ń ṣọdẹ. Ìyá kan náà ló bí wọn. Ẹkùn mẹ́ta ni wọ́n jọ pa, awọ wọn sì wà nílé Ọdẹ́jìnmí.

Lọ́jọ́ kan, nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, wọ́n pàdé ẹfọ̀n lẹ́bàá odò. Ọdẹ́jìnmí yìnbọn, kò bà á dáadáa. Ìbọn gígùn ni ìbọn rẹ̀, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló ń dún kí wọ́n tó tún un kì. Ó ń ki ẹ̀tù, ìkánjú mú kí ẹ̀tù máa dà sílẹ̀. Ìṣojú rẹ̀ ni ẹfọ̀n fi ìwo gbé Ọdẹ́yalé. Kó tó ki ìbọn tán, àbúrò rẹ̀ ti kú.

Wọ́n sin Ọdẹ́yalé. Ó fi Àṣàbí ìyàwó rẹ̀ sílẹ̀, àti ọmọ mẹ́rin. Láti ọjọ́ náà ni oúnjẹ kò ti lọ lẹ́nu Ọdẹ́jìnmí mọ́. Gbogbo ẹni tó bá wá kí i ló ń sọ fún pé, "Ká ní ìbọn mi lè dún lẹ́ẹ̀mejì ni."

Kò pẹ́ ni oníṣòwò kan dé láti etí òkun. Ó mú ìbọn ìléwọ́ kan wá. Ìbọn náà kúrú, ó wúwo, ihò ẹnu rẹ̀ tóbi tó àtàǹpàkò. Ọta mẹ́fà ló ń gbà. Ikùn rẹ̀ a máa yí, ọta a sì máa tẹ̀lé ọta, láìjẹ́ pé èèyàn tún un kì. Oníṣòwò ní awọ ẹkùn mẹ́ta ni òun yóò fi pààrọ̀. Ó ní ọjọ́ márùn-ún péré ni òun yóò lò nílùú.

Ọdẹ́jìnmí gbé ìbọn náà, ó dá a padà. Lọ́jọ́ kejì ó tún lọ gbé e, ó tún dá a padà. Ó wá tọ Baba Ògúnṣèyẹ lọ, àgbà ọdẹ tó kọ́ òun àti àbúrò rẹ̀ níṣẹ́.

Baba ní, "Ìbọn náà dára. Ìwọ ni ara rẹ kò tíì balẹ̀. Lọ bi Ifá."

Obìnrin arúgbó ni Ìrì-wọ́wọ́-orí-ewé. Ó gbọ́ tẹnu Ọdẹ́jìnmí, ó gbọ́ ti Ifá, ó sì ní, "Ifá ní kí o má tíì rà á. Ó ní kí o rúbọ. Fi awọ ẹkùn mẹ́ta náà wá oúnjẹ fún àwọn ọmọ Ọdẹ́yalé. Pa àgbò kan, kí gbogbo ilé jẹ ẹ́. Jókòó ti opó àti àwọn ọmọ fún ọjọ́ mẹ́tàdínlógún, má wọ igbó. Sunkún tó yẹ kí o sun. Lẹ́yìn náà, bí o bá ṣì fẹ́ ìbọn, kí o rà á."

Inú bí Ọdẹ́jìnmí. "Ìyá, ọ̀rọ̀ ìbọn ni mo bá wá, ọ̀rọ̀ ìkòkò ọbẹ̀ ni ẹ ń bá mi sọ. Oníṣòwò á ti lọ kí ọjọ́ mẹ́tàdínlógún tó pé."

"Á lọ," ni ìyá wí. "Jẹ́ kó máa lọ."

Àṣàbí gbọ́. Ó wá kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀. "Ọkọ mi, ẹ jọ̀ọ́. Láti ọjọ́ tí àbúrò yín ti kú, ẹ ò tíì wọ yàrá wa. Àwọn ọmọ ń béèrè yín."

Ọdẹ́jìnmí kò lè wo ojú rẹ̀. Lọ́kàn rẹ̀, òun ló pa bàbá àwọn ọmọ náà. Ó dìde, ó ká awọ ẹkùn, ó lọ ra ìbọn.

Kò dán an wò. Ilẹ̀ ọjọ́ kejì ń mọ́ bọ̀ ló kọrí sí odò. Baba Ògúnṣèyẹ rí i, ó gbé ìbọn tirẹ̀ tẹ̀lé e. Ó ní, "Mi ò ní jẹ́ kí o dá lọ."

Ẹfọ̀n náà ń mumi. Ọdẹ́jìnmí na ìbọn, ó yìn ín. Ìbọn tàpá, ó sì ṣẹ́ ọrùn ọwọ́ rẹ̀, ló bá já bọ́ pẹ̀lú ọta márùn-ún nínú. Ẹfọ̀n fara gbọta, ó yíjú, ó sì ń sáré bọ̀. Ògúnṣèyẹ pariwo, ó kó sí àárín wọn, ó yìnbọn. Ẹfọ̀n ṣubú, ṣùgbọ́n ìwo rẹ̀ ti wọ baba níhà.

Baba ní, "Má dúró síbí mọ́. Lọ bá àwọn ọmọ." Ló bá gbẹ́mìí mì.

Àwọn ọdẹ tó gbọ́ ìró ìbọn ló gbé òkú baba wálé. Kò sẹ́ni tó padà lọ mú ìbọn. Ọdẹ́jìnmí wọ yàrá Àṣàbí, ó dojú bolẹ̀, ó sunkún títí ohùn rẹ̀ fi há. Àwọn ọmọ jókòó yí i ká.

Ó ránṣẹ́ sí awo. "Ìyá, ṣé ẹbọ mi ṣì lè gbà?"

"Yóò gbà, ọmọ mi. Àmọ́ ẹni tó ti lọ ti lọ."

Kò sí awọ ẹkùn mọ́. Iṣu inú àká rẹ̀ ló kó jáde, ó pa àgbò. Ó jókòó fún ọjọ́ mẹ́tàdínlógún. Ọwọ́ rẹ̀ kò tọ́ mọ́, kò sì ṣọdẹ mọ́. Oko ló ń ro. Ohun ọ̀gbìn rẹ̀ so, àwọn ọmọ Ọdẹ́yalé dàgbà, wọ́n ní ilé tiwọn. Opó Ògúnṣèyẹ náà ń jẹ nínú àká rẹ̀ títí tó fi dolóògbé.

Ifá ní kí ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀ kọ́kọ́ sunkún kó tó gbé irin. Ó ní kí ẹni tí a bá yan ẹbọ fún tètè rú u, kí ire lè bá gbogbo ará ilé rẹ̀ láàyè. Ọdẹ́jìnmí rú tirẹ̀, ire sì dé. Ṣùgbọ́n nígbà tí ire dé, Ògúnṣèyẹ kò sí níbẹ̀.