Ọ̀rọ̀ Ìkẹyìn Ẹlẹ́mu

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ jẹ́ kí n bi yín: bí gbogbo ìlú bá ń fi irọ́ kọrin, tí orin náà sì dùn, ṣé irọ́ ọ̀hún ti di òótọ́? Ẹ má tíì dáhùn. Ẹ sún mọ́ mi.

Ààlọ́ o!

Ààlọ̀!

Àlọ́ mi já láti orí ọ̀pẹ, ó balẹ̀ gbìì, kò bà lé ẹlòmíràn, àfi Àwẹ̀ró, ìyàwó Ògúntádé ẹlẹ́mu.

Láàárọ̀, Àwẹ̀ró á po ẹ̀kọ gbígbóná sínú igbá, ọkọ rẹ̀ á mu ún. Lẹ́yìn náà, ọkọ á fa igbà rẹ̀ wò, ìyẹn okùn tí ẹlẹ́mu fi ń gun ọ̀pẹ. Bó bá yi, á fi gun ọ̀pẹ. Ṣùgbọ́n Ọ̀kẹ́rẹ́ ọ̀kánjúwà ń wò ó. Ó fẹ́ kí gbogbo ẹyìn àti ẹmu orí ọ̀pẹ jẹ́ tòun nìkan. Lọ́jọ́ kan, bí Ògúntádé ti wà lókè, Ọ̀kẹ́rẹ́ yọ́ gba ẹ̀yìn ọ̀pẹ, ó ń fi eyín gé igbà, kẹ́rẹ́kẹ́rẹ́, kẹ́rẹ́kẹ́rẹ́. Igbà já. Gbìì!

Àwẹ̀ró ló kọ́kọ́ débẹ̀. Ọkọ rẹ̀ dì í lọ́wọ́ mú, ó rọra mí ọ̀rọ̀ kan jáde: "Igbà... Sọ fún wọn."

"Mo gbọ́, olówó orí mi. N óò sọ. Mo ṣèlérí."

Ó kú. Bí Àwẹ̀ró ti ń sunkún, Ọ̀kẹ́rẹ́ ti wọ́ igbà lọ sínú ihò rẹ̀.

Nígbà tí ìlú pé, Báálẹ̀ bi í pé, "Kí ló wí kó tó kú?"

"Igbà ni, Bàbá."

"Áà, Àwẹ̀ró!" Ọ̀kẹ́rẹ́ fò sókè. "Èmi náà wà nítòsí. Igbá ló wí! Ta ló gbé igbá ẹ̀kọ fún un láàárọ̀ yìí? Bó bá jẹ́ igbà ni, igbà ọ̀hún dà?"

Wọ́n wo ilẹ̀, wọn ò rí i. Ohùn ẹni tó ń kú lọ kì í gòkè, kì í sì í sọ̀kalẹ̀; ta ni yóò jẹ́rìí sí i? Ni Ọ̀kẹ́rẹ́ bá dá orin:

Lílé: Kí ló pa ẹlẹ́mu?
Ègbè: Igbá ni, igbá ni.
Lílé: Ta ló gbé e fún un?
Ègbè: Aya ni, aya ni.

Orin náà dùn. Àwọn tó ń gúnyán ń kọ ọ́, àwọn tó ń lọ sódò ń kọ ọ́. Kò pẹ́, ó di àṣà. Ẹlẹ́mu kan ò fẹnu kan igbá mọ́. Kò sì sẹ́ni tó ń fa igbà wò mọ́. Wọ́n ní, "Igbà ò pààyàn. Igbá ní ń pààyàn."

Báálẹ̀ ní, "Àwẹ̀ró, bá wa gbe orin yìí, àbí kó o fi Mọ́ládùn ọmọ rẹ sílẹ̀, kó o kúrò nílùú."

Àwẹ̀ró wo ojú ọmọ rẹ̀. Ó gbè é. "Igbá ni, igbá ni."

Ó gbè é títí, kò mọ èyí tí etí òun gbọ́ mọ́. Á kúnlẹ̀ lórí ẹní, á ní, "Olódùmarè, ṣé igbá ni àbí igbà?" Àwọn ará ilé ló ń dá a lóhùn, orin ni wọ́n ń kọ.

Ṣówándé, àbúrò ọkọ rẹ̀, ló wá ń gun ọ̀pẹ wọ̀nyí. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó ń rẹ́rìn-ín kọjá lọ: "Ìyàwó wa, gbé igbá rẹ jìnnà sí mi o! Mi ò tíì fẹ́ kú."

Àwẹ̀ró fẹ́ sọ pé kó fa igbà rẹ̀ wò. Ó wo ojú Mọ́ládùn, ó gbé igbá rẹ̀ wọlé.

Kẹ́rẹ́kẹ́rẹ́, kẹ́rẹ́kẹ́rẹ́. Gbìì!

Lọ́tẹ̀ yìí, òkú Ṣówándé di igbà mú gbọin-gbọin. Àwẹ̀ró já a gbà, ó gbé e sókè lójú gbogbo ìlú: "Ẹ wo ojú eyín Ọ̀kẹ́rẹ́! Igbà ló wí! Mo gbọ́ ọ, mo sì pa ẹnu mọ́!"

Ọ̀kẹ́rẹ́ sá wọgbó fìrì. Títí dòní, kò bá èèyàn gbélé mọ́. Báálẹ̀ doríkodò. "Orin yìí ti pẹ́ lẹ́nu wa, Àwẹ̀ró." Àwọn mìíràn ṣì ń kùn ún bí wọ́n ti ń lọ sílé.

Ibi tí igbà já sí, ibẹ̀ ni àlọ́ mi náà já sí. Ẹ̀kọ́ rẹ̀ ni pé ohun tí gbogbo ẹnu ń wí lè má jẹ́ òótọ́. Ẹni tó sì mọ òótọ́ tó dákẹ́, irọ́ náà yóò tún pa ẹlòmíràn. Ó yá, ẹ bá mi gbe orin tí Àwẹ̀ró kọ láàárín ibojì méjèèjì, tí Mọ́ládùn nìkan gbè, bí Àwẹ̀ró ti ṣèlérí fún ọkọ rẹ̀:

Kí ló pa ẹlẹ́mu?
Igbà ni, igbà ni.