Ó Gba Máàkì Tán, "Mo Ń Bọ̀" Bọ́ Lẹ́nu Rẹ̀

Àlejò tó bá pẹ́ díẹ̀ ní Ìgbájọ yóò gbọ́ òwe kan tí yóò ṣe é ní kàyéfì: "Ó gba máàkì tán, 'mo ń bọ̀' bọ́ lẹ́nu rẹ̀." Àlejò á ní, kí ló kan máàkì kan ìpadàbọ̀? Àwọn ọmọdé a máa fi òwe náà ṣẹ̀fẹ̀. Ẹni tó mọ ìdí rẹ̀ kì í rẹ́rìn-ín.

Ọ̀rọ̀ Ìbídùn ló di òwe náà. Nọ́ọ̀sì ni, òun àti ìyá rẹ̀, tó ń pè ní Màámi, nìkan ló sì kù nílé. Ẹ̀jẹ̀ ríru ti ń bá Màámi fínra láti ọdún pípẹ́. Ìbídùn fẹ́ lọ ṣiṣẹ́ nílùú òyìnbó, kó lè mú ìyá rẹ̀ lọ síbi tí wọn yóò ti tọ́jú rẹ̀ dáadáa. Ṣùgbọ́n wọ́n ní kó kọ́kọ́ ṣe ìdánwò èdè gẹ̀ẹ́sì: kíkà, kíkọ, gbígbọ́ àti sísọ. Ó yege nínú mẹ́ta. Sísọ ló gbé e ṣubú, lẹ́ẹ̀mejì.

Ló bá tọ Bàbá Tíṣà lọ, olùkọ́ àgbà kan tó ti fẹ̀yìn tì. Bí wọ́n ti ń sọ gẹ̀ẹ́sì lọ, fóònù Ìbídùn dún. Ó dìde, ó fi gẹ̀ẹ́sì sọ pé òun ń bọ̀, ó sì jáde síta. Nígbà tó wọlé padà, ẹ̀rín ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pa Bàbá Tíṣà.

"Níbo lò ń bọ̀? Ẹ̀yìn lo kọ sí mi, ò ń lọ, o ní ò ń bọ̀! Òyìnbó á ti máa sún àga fún ọ, ìwọ á ti wà lẹ́nu géètì."

"Bí a ṣe ń sọ ọ́ nílé nìyẹn, sà."

"Ilé náà ló ń fa máàkì rẹ lulẹ̀. Ẹni tó ń lọ, 'mo lọ' ni kó sọ. Láti òní lọ, ì báà jẹ́ gẹ̀ẹ́sì, ì báà jẹ́ Yorùbá, n ò fẹ́ gbọ́ 'mo ń bọ̀' lẹ́nu rẹ mọ́ títí wàá fi ṣe ìdánwò. Ilé la ti í kó ẹ̀ṣọ́ ròde."

Bàbá Tíṣà kò mọ ohun tí ọ̀rọ̀ náà jẹ́ nílé yẹn. Ogún ọdún sẹ́yìn, bàbá Ìbídùn fi ìbínú gbé àpò kọ́ èjìká, ó ní, "Mo lọ," ó gba ọ̀nà Kùmásí ní ilẹ̀ Gánà. Wọn ò gbúròó rẹ̀ mọ́. Láti ìgbà náà, ẹni tó bá ń jáde nílé Màámi, ì báà ṣe ìdí kànga ló ń lọ, "mo ń bọ̀" ni yóò wí. Bí ó bá jẹ́ Ìbídùn, Màámi a fi oríkì rẹ̀ dá a lóhùn pé, "Àṣàkẹ́, ọmọ olókè, ọmọ a-fi-àpáta-ṣe-ìrọ̀rí, wàá lọ ire, wàá bọ̀ ire. Olúwa tó sìn ọ́ lọ ni yóò sìn ọ́ bọ̀."

Ọ̀sẹ̀ méjì ni Ìbídùn fi ń yọ́ jáde nígbà tí ìyá rẹ̀ bá wà lórí ìkúnlẹ̀ àdúrà. Àmọ́ láàárọ̀ ọjọ́ ìdánwò, Màámi ti gbé àga sẹ́nu ọ̀nà dè é. Ọkọ̀ Ìbàdàn ń fun fèrè níta.

"Àṣàkẹ́, kí lo fẹ́ sọ fún mi?"

"Ẹ gbàdúrà fún mi, Màámi."

"Mo ti gbà á. Kí ló kù?"

Awakọ̀ tún fun fèrè. Ìbídùn rántí ìgbà méjì tó ti ṣubú. Tó bá sọ ọ́ báyìí, tó wá yọ mọ́ ọn lẹ́nu níwájú òyìnbó ńkọ́?

"Mo lọ, Màámi."

Màámi gbójú sókè. "Ìbídùn." Kò fi oríkì pè é. "Ohun tí bàbá ẹ sọ nìyẹn."

"Nítorí ìdánwò ni, ẹ jọ̀ọ́. Tí mo bá dé, màá sọ ọ́ fún yín lẹ́ẹ̀mẹ́wàá."

"A kì í ti òde dé tán ká tó sọ pé à ń bọ̀."

Ṣùgbọ́n Ìbídùn ti wọkọ̀.

Ní Ìbàdàn, gẹ̀ẹ́sì ń ṣàn lẹ́nu rẹ̀ bí omi. Nígbà tí wọ́n ní kó máa lọ, ó dágbére bí Bàbá Tíṣà ti kọ́ ọ. Ọ̀rọ̀ ilé kan ṣoṣo kò yọ mọ́ ọn lẹ́nu.

Ìrọ̀lẹ́ ló délé. Ìyá Sídíkà, aládùúgbò wọn, ló pàdé rẹ̀, ó ká ọwọ́ lérí.

"Láti àárọ̀ ni mo ti ń bẹ̀ wọ́n kí wọ́n wọlé jẹun, kí wọ́n lo oògùn. Wọ́n ní àwọn ń wo ọ̀nà. Wọ́n ní ẹni tó jáde kò sọ pé òun ń bọ̀."

Màámi wà lórí ẹní, apá kan ara rẹ̀ ti rọ, ẹnu rẹ̀ ti wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ìbídùn ṣubú lulẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. "Mo ń bọ̀, Màámi. Mo ń bọ̀. Mo ń bọ̀." Ó sọ ọ́ ju ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá lọ. Ojú nìkan ni Màámi fi ń wò ó. Ní ọjọ́ kẹsàn-án, ojú náà pa dé.

A ò sọ pé ọ̀rọ̀ ló pa á. Ìbídùn tó jẹ́ nọ́ọ̀sì mọ̀ pé oògùn tí kò lò ni. Ṣùgbọ́n ó mọ ìdí tí kò fi lò ó.

Ọjọ́ kẹta ìsìnkú ni èsì ìdánwò dé: mẹ́jọ nínú mẹ́sàn-án fún sísọ. Bàbá Tíṣà wá kí i, ó jókòó títí, kò mọ èyí tí òun ìbá kọ́kọ́ sọ, o kú oríire ni tàbí o kú àṣẹ̀yìndè.

Lọ́jọ́ tí Ìbídùn ń lọ sílùú òyìnbó, ó tilẹ̀kùn, ó fi kọ́kọ́rọ́ lé Ìyá Sídíkà lọ́wọ́. Ó yíjú sí àga tó ṣófo lẹ́nu ọ̀nà. Ó yanu. Ó tún pa á dé.

"Àṣàkẹ́, ṣé ò ń bọ̀?" ni Ìyá Sídíkà bi í.

Ó mi orí. Títí di òní, kò sẹ́ni tó lè sọ bóyá bẹ́ẹ̀ ni ló fi wí, tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́.

Nítorí náà, bí ẹnìkan bá ń lé ohun rere nítorí ẹni tó fẹ́ràn, tó wá fi ẹni náà sílẹ̀ lójú ọ̀nà, àgbà Ìgbájọ a rọra kẹ́dùn, wọn a ní kí Elédùmarè má jẹ̀ẹ́ ká yege sórí òfo. Ó gba máàkì tán, "mo ń bọ̀" bọ́ lẹ́nu rẹ̀.