Ojú Ìwé tí Òǹkà Kò Lè Pa Rẹ́

Ẹ kú àpéjọ, ẹ̀yin ọlọ́gbọ́n tí ń fi ojú gbọ́ ọ̀rọ̀. Ẹ kú ìrọ́jú ayé, ẹ kú àfaradà oòrùn. Ẹni tó bá gbé omi rù, kó sọ̀ ọ́ kalẹ̀ ná. Ẹni tí ọbẹ̀ rẹ̀ wà lórí iná, kó lọ sọ̀ ọ́. Nítorí ìtàn tí mo gbé dání yìí kì í ṣe èyí tí a ń fi ìdajì etí gbọ́. N ó mú yín kọjá ibi tí òkúta ti ń fò bí eṣú, n ó mú yín dé iwájú ìjì tó ti ń jà kí baba ńlá yín tó hu eyín, n ó sì fi ìyá kan hàn yín tí àwọn ọmọ rẹ̀ ń tàn lójú ọ̀run. Bí mo bá dé ibi tí ó ya yín lẹ́nu, ẹ má ṣe sọ pé irọ́ ni. Ẹ ní ojú ẹlòmíràn ló kọ́kọ́ rí i, tiyín ń bọ̀ lẹ́yìn.

Ní ìlú Òkè-Ayàn, tí àpáta yí ká bí àgbà tó jókòó ti iná, obìnrin kan wà tí ń jẹ́ Ìyùnadé. Iṣẹ́ rẹ̀ ni wíwọn òjò ní ilé ẹ̀kọ́ àgbẹ̀. Bí òjò bá dá, yóò gbé ìgò tí ó gba omi náà sókè, yóò tẹjú mọ́ ọn, yóò kọ ohun tí ó rí sílẹ̀. Bí kò bá sì rí i dáadáa, kò ní kọ nǹkan kan, ọ̀gá ìbáà bínú títí kí ó ya aṣọ ọrùn rẹ̀. Ìyùnadé a-ṣọ́-ọ̀rọ̀-bí-ẹni-ń-ṣọ́-ẹyin, a-rìn-jẹ́jẹ́-má-ta-kókó. Ohùn rẹ̀ kò ju ti kòkòrò inú ewé lọ, ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ yí i lọ́kàn padà, kó kọ́kọ́ lọ yí àpáta Òkè-Ayàn wò ná. Ọlọ́run fún un ní ọmọ. Ìbíwùmí, tí ó jẹ́ ọ̀kan nínú wọn, kú ní ọmọ ọdún mẹ́sàn-án. Ọmọ yìí ni ó bi ìyá rẹ̀ léèrè nígbà kan pé, "Ìyá mi, ṣé òjò ń rọ̀ ní ayé mìíràn? Ta ló ń bá wọn wọ̀n ọ́n?" Ìyá rẹ̀ kò rí èsì fún un kí ikú tó dé.

Géèmù kan wà nínú kọ̀ǹpútà ilé ìkàwé ìlú náà, tí wọ́n ń pè ní Ìrìn-Àjò Ayé Méje. Ẹni méjì ni ó ń ṣe é pọ̀: ọ̀kan a máa wa ọkọ̀ òfurufú, èkejì a máa wọn ayé tí wọ́n bá dé: ooru rẹ̀, otútù rẹ̀, agbára afẹ́fẹ́ rẹ̀, iye òṣùpá rẹ̀. Ẹni tó bá wọn ayé kan tán ni í sọ ọ́ lórúkọ, orúkọ náà a sì wọ inú ìwé ńlá kan, tí iwin kan tí ń jẹ́ Òǹkà-Kò-Gbàgbé ń ṣọ́. Òfin ibẹ̀ le bí egungun erin. Ẹni tó bá gúnlẹ̀ sí ayé keje, tí kò sì dí gbogbo àlàfo rẹ̀ nínú ìwé náà kí ilé ìkàwé tó ti ilẹ̀kùn ní agogo márùn-ún ọjọ́ náà, ayé mẹ́fà tí ó ti wọ̀n sẹ́yìn yóò parẹ́ tòun ti orúkọ wọn. Ọdún mẹ́fà ni Ìyùnadé àti Láníhùn, àbúrò rẹ̀ ọmọ ìyá, tí ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe lẹ́bàá ọjà, fi wọn ayé mẹ́fà, ní ọ̀sán Sátidé kọ̀ọ̀kan. Àkọ́kọ́ nínú wọn jẹ́ ayé kékeré kan tí òjò ń rọ̀ sí láìdá. Ìyùnadé wọn òjò náà, ó sì sọ ayé náà ní Ìbíwùmí. Nítorí náà, ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ mọ ohun tí ó gbé lọ́wọ́ ní Sátidé tí wọ́n wọkọ̀ lọ sí ayé keje: kì í ṣe eré, orúkọ ọmọ rẹ̀ ni.

Bí wọ́n ti fi ìbòjú onígíláàsì bojú, tí wọ́n di àmùrè ìjókòó, ilé ìkàwé pòórá, òfurufú sì là níwájú wọn bí ẹnu ẹja ńlá. Kò pẹ́ tí wọ́n kan Igbó Òkúta-Àfòpiná, níbi tí òkúta tó tó ilé alájà ti ń fò lọ fò bọ̀ bí ẹni pé ọ̀run ń fi wọ́n ta kànnàkànnà. Láníhùn yí ọkọ̀ sọ́tùn-ún, ó yí i sósì, ó fi í tàkìtì, òógùn sì bò ó.

"Ẹ̀gbọ́n mi," ni ó wí, "kẹ̀kẹ́ ni mo mọ̀ ọ́n tún ṣe o. Bí nǹkan yìí bá tú, n kò ní síkùrúù rẹ̀."

"Wa ọkọ̀ rẹ," ni Ìyùnadé dá a lóhùn. "Ẹnu kọ́ ni a fi ń wà á."

"Bí mo bá pa ẹnu mọ́, ẹ̀rù á rí àyè wọlé."

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe yọ nínú igbó náà, tí wọ́n sì ko Ìjì-Pupa lójú, iwin tó fẹ̀ ju ayé wa yìí lọ, tí irun rẹ̀ ń jó, tí ojú rẹ̀ ń pọ́n wìì bí irin àgbẹ̀dẹ. Ó dúró gbagidi sójú ọ̀nà, ó ní, "Ẹ̀yin èèyàn, ìgbà wo ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í jà? Ẹni tó bá ṣì í, n ó lọ̀ ọ́ lúbúlúbú." Láníhùn ti fẹ́ dá ọdún kan sọ, ṣùgbọ́n Ìyùnadé fọwọ́ kàn án léjìká. Ó kí ìjì náà, ó ní, "N kò mọ̀. N kò sí níbẹ̀, n kò sì ní ohun tí mo fi wọ̀n ọ́n." Ìjì-Pupa ní láti ìgbà tí òun ti ń béèrè, gbogbo ẹni tó dáhùn ló mọ̀ ọ́n, kò sì sí méjì tí ìmọ̀ wọn bára mu. Ó ya sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, wọ́n kọjá. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbọ́ mi, ẹ wò bí "n kò mọ̀" ṣe ṣí ọ̀nà tí ẹgbẹ̀rún irọ́ dí pa. Ìtìjú àìmọ̀ kì í pa ènìyàn. Àmọ̀tán tí kò mọ nǹkan ni ó ń pa á.

Lẹ́yìn èyí ni wọ́n dé ayé keje, Ìyá Olóṣùpá, Arẹwà-má-ṣe-é-wò-tán, tí ara rẹ̀ rí bí epo àti oyin tí a pò pọ̀, tí òrùka eruku títàn kan yí ìbàdí rẹ̀ ká bí ìlẹ̀kẹ̀. Àwọn òṣùpá rẹ̀ ń ṣeré yí i po. Láníhùn na ìka sí wọn, ó bẹ̀rẹ̀: "Ọ̀kan, èjì, ẹ̀ta, ẹ̀rin..."

Ilẹ̀ òfurufú mì. Àwọn òṣùpá sá sẹ́yìn ìyá wọn, ojú rẹ̀ sì ṣókùnkùn. "Ta ni ń ka ọmọ mi?" ni ó wí. "Kí ni ó fẹ́ fi wọ́n ṣe bí ó bá kà wọ́n tán?"

Ìyùnadé kúnlẹ̀ wọ̀ọ́. "Ẹ má bínú, Ìyá. Àbúrò mi ni, iṣẹ́ ni ó gbé e lọ́kàn tí ó fi gbàgbé ilé. A kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ."

"Kí ni ẹ wá wá?"

"Wọ́n rán wa pé kí á mọ àwọn ọmọ yín. Bí ẹ bá gbà fún mi, kíkí ni mo fẹ́ kí wọn. Kí ni kí n máa pè wọ́n?"

Ìyá Olóṣùpá wò ó títí. Nígbà tí ó ṣe, ó rẹ́rìn-ín, ó bẹ̀rẹ̀ sí í pè wọ́n jáde lọ́kọ̀ọ̀kan, tòun ti oríkì. Ó pe Eléèéfín, tí ń tu iná lẹ́nu láti àárọ̀ ọjọ́ rẹ̀. Ó pe Oníyìnyín, tí òkun wà lábẹ́ awọ rẹ̀, tí kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tọ́ ọ wò. Ó pe Alágídí, tí ń rìn padà sẹ́yìn nígbà tí àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń rìn síwájú. ("Mo ní irú èyí ní ìdí iṣẹ́ mi," ni Láníhùn ń sọ wúyẹ́wúyẹ́, "ó ń tú táyà tí a ní kó dè.") Bí ọ̀kọ̀ọ̀kan ti ń jáde ni Ìyùnadé ń kí i, ó ń tọrọ àyè, ó ń wọn ooru rẹ̀ àti ìrìn rẹ̀, ó sì ń kọ ọ́ sábẹ́ orúkọ rẹ̀. Nígbà tí ó dà bí ẹni pé ó tán, ìyá náà fọwọ́ kan òrùka eruku ìbàdí rẹ̀.

"Kẹ́mọ́ra nìyí," ni ó wí. "Àbíkẹ́yìn mi ni. Ìràwọ̀ oníwàdùwàdù kan kọlù ú, ó fọ́ túútúú. Wọ́n ní kí n gbàgbé, wọ́n ní àwọn yòókù ń bẹ. Mo ṣa eruku rẹ̀ jọ, mo fi í sán ìbàdí. Kíkú ni ọmọ mi kú, kò nù."

Ìyùnadé wọn eruku náà fínnífínní, ó kọ ọ́ sílẹ̀: Kẹ́mọ́ra. "Èmi náà ní irú rẹ̀, Ìyá," ni ó wá wí.

"Mo mọ̀. Bí o ṣe kúnlẹ̀ ni mo fi mọ̀." Ìyá Olóṣùpá fi àtàǹpàkò rẹ̀ tẹ ojú ìwé náà. "Ohun tí mo bá fọwọ́ tẹ̀, ẹnikẹ́ni kò ní pa á rẹ́."

Agogo márùn-ún ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá nígbà tí Òǹkà-Kò-Gbàgbé yọ, abìka-ẹgbẹ̀rún-má-ní-àyà, tí ojú rẹ̀ tẹ́jú bí wàláà. Ó yẹ ìwé wò. "Àlàfo kan ṣófo," ni ó wí. "Iye òṣùpá."

"Orúkọ wọn wà nísàlẹ̀ rẹ̀," ni Ìyùnadé dáhùn, "àti ìrìn wọn, àti ooru wọn."

"Orúkọ kì í ṣe iye. Gbogbo ẹni tó ti kọjá níbí kọ mọ́kànlá láti òkèèrè, wọn kò tilẹ̀ bọ́ sílẹ̀. Kọ mọ́kànlá."

"Kẹ́mọ́ra ńkọ́?"

"Eruku ni. Òkú kò sí nínú òǹkà."

Ọ̀rọ̀ yìí gún Ìyùnadé bí ẹ̀gún ọ̀pẹ. Láníhùn yíjú sí i, àwàdà ti kúrò lẹ́nu rẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n mi," ni ó wí, "nọ́ńbà lásán ni. Ìbíwùmí wà nínú ìwé yẹn o."

"Mo mọ ẹni tó wà níbẹ̀. Èmi ni mo bí i." Ó kọjú sí Òǹkà, ohùn rẹ̀ tí kò ju ti kòkòrò lọ sì le bí okùn tí a fà le. "Gbọ́, ìwọ iwin. Bí mo bá fi ọmọ ẹlòmíràn ra orúkọ ọmọ tèmi, ẹnu wo ni n ó tún fi máa pe orúkọ náà? N kò ní kọ ọ́."

"N ó pa ìwé rẹ rẹ́."

"Ọwọ́ rẹ nìyẹn. Èyí ni tèmi."

Òǹkà fi ìka nu ayé kẹfà, ó parẹ́. Ó nu ìkarùn-ún, ó nu ìkẹrin, ọdún mẹ́fà ń lọ bí ìrì tí oòrùn yọ sí. Nígbà tí ó kan Ìbíwùmí, ó dáwọ́ dúró. "Ó ku ọ̀kan," ni ó wí. "Mọ́kànlá. O ó kàn tẹ bọ́tìnì ọ̀kan lẹ́ẹ̀mejì." Ìyùnadé kó ọwọ́ méjèèjì kúrò lórí bọ́tìnì, ó ká wọn mọ́ àyà, ó sì tẹjú mọ́ orúkọ ọmọ rẹ̀ títí ó fi parẹ́. Kò ṣẹ́jú. Òǹkà wá nawọ́ sí ojú ìwé keje. Ó nù ún, kò nù. Ó fi ẹgbẹ̀rún ìka rẹ̀ ha á títí èéfín fi ń rú lára ìka rẹ̀, Kẹ́mọ́ra àti àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sì wà níbẹ̀ gbọnyin. Bí agogo ti lù nìyẹn, tí ìyá tó ń tọ́jú ilé ìkàwé fọwọ́ gbá wọn léjìká pé, "Ẹ dìde, ẹ̀yin arìnrìn-àjò. Èmi ní ilé tí mo ń lọ."

Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, kí wọ́n tó ṣílẹ̀kùn, Ìyùnadé ti dúró síbẹ̀. Láníhùn dé, ọwọ́ rẹ̀ dúdú fún gíríìsì. "Ọdún mẹ́fà mìíràn, ẹ̀gbọ́n mi?"

"Ṣé ibì kan wà tí o ń lọ ni?"

Wọ́n jókòó, wọ́n di àmùrè. Òǹkà ti ń dúró dè wọ́n, aṣọ ni ó fi wé ìka rẹ̀. "O tún dé," ni ó wí. "Ní ọjọ́ tí o bá tún dé ayé keje, n ó tún bi ọ́."

"Béèrè," ni Ìyùnadé wí. "N ó tún kọ orúkọ wọn."

Wọ́n gúnlẹ̀ sí ayé kékeré tí òjò rẹ̀ kì í dá. Ó wọn òjò náà láti ìbẹ̀rẹ̀, ẹ̀kán kan kò bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà tí géèmù bi í pé kí ni kí á máa pe ayé yìí, ó tẹ Ìbíwùmí.

Ẹ̀yin tí ẹ bá mi rìn dé ibí, ẹ fà mí létí bí mo bá ṣì wí, ṣùgbọ́n ohun tí mo rí kọ́ nìyí. Ìṣirò dára, òun ni a fi kọ́lé tí kò wó. Ṣùgbọ́n ìṣirò tó bá ní kí o yọ ẹnìkan kúrò kí ó lè gún, kọ̀ ọ́, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ohun tí o fẹ́ràn jù ni wọn yóò gbà lọ́wọ́ rẹ. Ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ kì í fẹ́ kí á sọ fún un pé mélòó ló kù. Ó fẹ́ kí á pe orúkọ ẹni tó lọ. Ẹ lọ pè é fún wọn lónìí.