Ọkọ̀ Tí Wọ́n Pa Lẹ́nu Mọ́

Ọkùnrin kan wà tó fẹ́ ra ọkọ̀ tó lágbára, kì í ṣe nítorí fàájì, ṣùgbọ́n nítorí ọ̀nà tó máa ń gbà. Ìbàdàn ló ti ń ṣiṣẹ́, ilé ìyá ìyàwó rẹ̀ sì wà lókè Ẹ̀fọ̀n. Ìwọ náà mọ àwọn kọ́nà tó wà lójú ọ̀nà yẹn, Oyèkànmí ọmọ ẹ̀gbọ́n mi. Àpáta wà lápá kan, àfonífojì wà lápá kejì. Ẹni tó bá ṣì í níbẹ̀, kò sí ibi tó fẹ́ yà sí.

Ó lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń ta ọkọ̀. Ọkọ̀ Jámánì méjì ni onítọ̀hún gbé síwájú rẹ̀, onílẹ̀kùn mẹ́rin ni àwọn méjèèjì, ẹ́ńjìnnì wọn sì lágbára bákan náà. Ó ní kí ó wa méjèèjì wò. Ìyàwó rẹ̀ jókòó tì í. Ọkọ̀ àkọ́kọ́ rọ̀ bíi tìmùtìmù. Wọ́n bọ́ sí kòtò, wọn ò mọ̀. Wọ́n sáré, kò jọ eré. Sítíárìn rẹ̀ fúyẹ́ débi pé ìka kan lè yí i. Ọkọ̀ kejì le. Ó súnmọ́ ilẹ̀, sítíárìn rẹ̀ wúwo lọ́wọ́, bí táyà bá sì tẹ òkúta kékeré, ìdí ẹni tó jókòó á gbọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n dé kọ́nà, ó di títì mú bí ọmọńlé ṣe ń di ògiri mú. Kò fì sọ́tùn-ún, kò fì sósì. Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín, ó ní èyí lòun ń rà.

Ní ìbẹ̀rẹ̀, inú rẹ̀ dùn. Gbogbo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lójú títì ni ọkọ̀ náà ń sọ fún un. Bí omi bá dúró lójú ọ̀nà, sítíárìn á fúyẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ kí táyà tó yọ̀, òun náà á sì dẹ ẹsẹ̀. Lọ́jọ́ kan tí wọ́n ń gun òkè, sítíárìn bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Ó dúró, ó sọ̀ kalẹ̀, ó bá táyà iwájú tó ti wú lẹ́gbẹ̀ẹ́ bí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹni tí eyín ń dùn. Ó kù díẹ̀ kó bẹ́. Wọ́n pààrọ̀ rẹ̀, wọ́n bá tiwọn lọ. Ǹjẹ́ o mọ ohun tó sọ nígbà tó délé? Ó ní ọkọ̀ yìí ti ń dá òun lágara, kò jẹ́ kí òun rìnrìn-àjò ní àlàáfíà. Ìgbàkígbà tí mo bá rántí ọ̀rọ̀ yẹn ni inú ń bí mi.

Àna rẹ̀ kan ní irú ọkọ̀ àkọ́kọ́, èyí tó rọ̀. Ní gbogbo ìgbà tí wọ́n bá jọ jáde, àna yìí á bi í bóyá ọkọ̀ ló rà tàbí ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń lọ ata. Àwọn tó bá wà níbẹ̀ á rẹ́rìn-ín. Ó dun ọkùnrin náà. Ọ̀gá ni níbi iṣẹ́, bó bá wọlé àwọn èèyàn á dìde, kò wá fẹ́ kí ọkọ̀ tó fi owó ara rẹ̀ rà máa gbọn òun jìgìjìgì.

Ó gbé e lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì. Ó ní kí wọ́n yọ àwọn sípíríǹgì líle inú rẹ̀, kí wọ́n fi ti ọkọ̀ mìíràn tó rọ̀ sí i, kí wọ́n sì fi rọ́bà tì í lábẹ́ láti gbé ọkọ̀ sókè, kó má baà máa ha ilẹ̀. Àwọn tó ń ṣe bẹ́ẹ̀ pọ̀ nílẹ̀ yìí, o ti rí wọn rí. Wọ́n á fi owó ra ọkọ̀ nítorí bó ṣe ń dúró lójú títì, wọ́n á tún wá fi owó mìíràn gba ìdúró náà lọ́wọ́ rẹ̀. Èyí tó rọ̀ láti ilé ẹni tó ṣe é, kò tan ẹnikẹ́ni jẹ. Ẹni tó ń wà á mọ̀ pé òun gbọ́dọ̀ rọra ní kọ́nà. Ṣùgbọ́n èyí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ di rírọ̀, orúkọ ọkọ̀ líle ṣì wà lára rẹ̀. Mẹkáníìkì béèrè lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo bóyá ó dá a lójú. Ó ní ó dá òun lójú.

Ọkọ̀ náà rọ̀, sítíárìn rẹ̀ kò gbọ̀n mọ́, ó sì dákẹ́. Ọkùnrin náà ń wà á káàkiri ìgboro, ó ń súfèé.

Ìyàwó rẹ̀ lóyún lásìkò yẹn, oyún tí wọ́n ti ń retí tipẹ́tipẹ́, tí wọ́n ti sunkún lé lórí. Ó fẹ́ lọ bímọ sọ́dọ̀ ìyá rẹ̀. Lọ́jọ́ tí wọ́n gbéra, òjò ti rọ̀ láàárọ̀, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dá ni. Láti ìgbà tí wọ́n ti kúrò ní Iléṣà ni ara obìnrin náà kò ti balẹ̀. Ó di ọwọ́ ilẹ̀kùn mú, ó gbé ọwọ́ kejì lé ikùn. Ó bẹ ọkọ rẹ̀ pé kó rọra. Ọkọ rẹ̀ ní òun kò sáré. Kò sì purọ́, bó ṣe rí lára rẹ̀ nìyẹn. Aago ọkọ̀ ló mọ bí eré náà ṣe pọ̀ tó, kò sì wo aago. Obìnrin náà tún bẹ̀ ẹ́. Ọkọ rẹ̀ wá fi ìkanra bi í pé kí ló gbọ́ gan-an.

"Mi ò gbọ́ nǹkan kan," ni obìnrin náà wí. "Ohun tó ń bà mí lẹ́rù nìyẹn."

Wọ́n dé kọ́nà kan tó dà gẹ̀rẹ́. Ọkùnrin náà yí sítíárìn bó ṣe máa ń yí i. Ara ọkọ̀ náà fì sí ẹ̀gbẹ́ kan, ìdí rẹ̀ sì gbéra, ó ń lọ síbi tí ẹnikẹ́ni kò darí rẹ̀ sí. Ó tẹ bíréèkì. Omi dúró lójú títì, kò sì mọ̀ pé omi wà níbẹ̀. Ọkọ̀ yí po, ó fi ìdí gba irin tí wọ́n rì sí etí àfonífojì, irin náà tẹ̀, ó sì gbà á dúró. Táyà ẹ̀yìn kan wà lófuurufú. Ẹnu ọ̀nà iwájú kan ṣoṣo ni wọ́n lè gbà jáde. Obìnrin náà ló kọ́kọ́ jáde, ó ń rákò pẹ̀lú ikùn rẹ̀, ọkọ rẹ̀ kò sì gbọdọ̀ mira títí ó fi jáde tán.

Ó jókòó sídìí àpáta, ó ń dúró kí ọmọ inú rẹ̀ mira. Ó pẹ́. Ó pẹ́ débi pé ọkọ rẹ̀ kò lè wo ojú rẹ̀. Nígbà tí ọmọ náà mira, àwọn méjèèjì bú sẹ́kún.

Ọkùnrin náà fi ọwọ́ nu ojú. Ó ní, "Kí ló dé tí ọkọ̀ yìí kò sọ fún mi?"

Ìyàwó rẹ̀ wò ó. Ó ní, "Ó ń sọ fún yín tẹ́lẹ̀."

Oyèkànmí, ìwọ ni mo ń bá wí. Nígbà tí o wọlé láàárọ̀ yìí, ò ń dúpẹ́ pé ilé rẹ ti tòrò. O ní ìyàwó rẹ kò jiyàn mọ́, o ní Ìbídùnní ọmọ rẹ kò fi ọ̀rọ̀ dà ọ́ láàmú mọ́. Ọ̀rọ̀ yẹn já mi láyà. Èmi àbúrò bàbá rẹ mọ bí ilé náà ṣe tòrò. Ẹni tó bá mú ọ̀rọ̀ tí kò dùn wá, wàá le ojú sí i. Ọmọ yẹn sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, o pariwo. Ó tún gbìyànjú, o dìde kúrò nídìí oúnjẹ. Kò sọ ọ́ mọ́, o sì ń pe ìyẹn ní àlàáfíà.

Ìbídùnní wá sọ́dọ̀ mi lánàá. Ohun tó gbé wá kọjá èyí tí èmi nìkan lè gbé, kò sì ṣeé fi di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Mi ò ní sọ ọ́ fún ọ, ẹnu rẹ̀ ló yẹ kó ti jáde. Ó wà nínú yàrá yẹn báyìí. Láti ìgbà tí o ti wọlé ló ti ń gbọ́ ohùn rẹ, àyà rẹ̀ sì ń já. Mo fẹ́ pè é. Ọ̀rọ̀ náà yóò le létí rẹ. Má dìde, má pariwo. Jókòó síbi tí o wà yìí, kí o jẹ́ kó sọ ọ́ tán.