Ẹsẹ̀ Fadérẹrà Lórí Bíréèkì

Ní Ìtòkò, ní ìlú Abẹ́òkúta, òwe kan wà tó máa ń rú àlejò lójú. Ẹ lè dé ibi tí wọ́n ti ń gbẹ́ kànga, tí kò sí ọkọ̀ kankan nítòsí, kí ẹ gbọ́ tí ẹnìkan sọ pé, "Ẹni tó wà lábẹ́ ọkọ̀ kì í bú ẹni tó tẹ bíréèkì." Àlejò á wo ọ̀tún, á wo òsì, á máa wá ọkọ̀. Àwọn ọmọ ìsinsìnyí ti sọ ọ́ di ọ̀rọ̀ ẹ̀fẹ̀, wọ́n á sọ ọ́ tán, wọ́n á bú sẹ́rìn-ín. Kò sí ẹ̀rín nínú ẹ̀ rárá. Ìbínú ló bí òwe yìí, obìnrin tí inú bí náà sì jàre. Ẹ jẹ́ ká sọ ọ́ bó ṣe ṣẹlẹ̀, kí ẹni tó bá tún fẹ́ fi rẹ́rìn-ín lè mọ ohun tó ń fi rẹ́rìn-ín.

Fadérẹrà ni orúkọ obìnrin náà, aránṣọ ni. Sówándé ọkọ rẹ̀ ń ṣe akọ̀wé ní ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀. Àwọn méjèèjì ló jọ dá owó tí wọ́n fi ra ọkọ̀ tòkunbọ̀ pupa kékeré kan, irú èyí tí kò ní bùútù gígùn lẹ́yìn, tó jẹ́ pé ilẹ̀kùn ẹ̀yìn rẹ̀ ni wọ́n ń gbé sókè, ṣùgbọ́n tí agbára ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ju ara rẹ̀ lọ. Ìdí kan ṣoṣo ni Fadérẹrà fi dá sí i, ìyá rẹ̀ ní Ìmàlà. Ohun funfun ti bo ẹyinjú ìyá náà méjèèjì, dókítà ojú ní Abẹ́òkúta sì ní òun lè yọ ọ́. Arúgbó tí kò ríran kò lè gun ọ̀kadà, ọkọ̀ èrò kì í sì í wọ abúlé wọn déédéé. Ọkọ̀ ilé ló kù tí wọ́n lè fi gbé e.

Ọkọ̀ dé tán, Sówándé sọ ara rẹ̀ di mẹkáníìkì. Kò kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ ẹnikẹ́ni, fóònù ni ọ̀gá rẹ̀. Bó bá ti wo fídíò àwọn òyìnbó tó ń tún irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ṣe lẹ́yìn ilé wọn, á gbé sípánà. Ọkọ̀ tó ń rìn dáadáa kò tẹ́ ẹ lọ́rùn, àfi èyí tó bá ń fò. Ó gé sípíríńgì kí ọkọ̀ lè wálẹ̀. Ó wálẹ̀ lóòótọ́, ó wá ń fi ikùn gbá gbogbo gegele ojú ọ̀nà. Ó yọ bíréèkì ẹ̀yìn, ó fi oríṣi mìíràn tó tú lára ọkọ̀ àlòkù síbẹ̀, okùn bíréèkì ọwọ́ kò sì dé ibẹ̀ mọ́, ló bá ká a sábẹ́ àga. Ó rí i pé ọ̀pá gíà àwọn tó ń fi ọkọ̀ díje kúrú, ó tú tirẹ̀ náà, ó gé e kúrú, gíà bá kọ̀, kò wọlé mọ́. Tó bá ti tú eléyìí, kò ní tíì dè é padà tí yóò fi bẹ̀rẹ̀ sí í tú èkejì.

Ọjọ́ àkọ́kọ́ tí dókítà dá fún ìyá, orí jáàkì ni ọkọ̀ wà. Fadérẹrà lọ bẹ̀bẹ̀ títí kí wọ́n tó dá ọjọ́ mìíràn fún un, ọjọ́ Ajé. Nígbà tó fi di Sátidé tó ṣáájú rẹ̀, ọkọ̀ kò tíì ní gíà, Sówándé sì tún ti gbé sàlẹ́ńsà tuntun dé, ọ̀pá tí èéfín ń gbà jáde, ẹnu rẹ̀ fẹ̀ bí ẹnu ìkòkò. Ó ní bí òun bá dè é mọ́ ọn, ọkọ̀ náà yóò máa bú ramúramù bíi kìnnìún. Inú Fadérẹrà ti ń ru láti ọjọ́ àkọ́kọ́ tó bọ́ mọ́ wọn lọ́wọ́ yẹn. Kò pariwo. Ó ń bá ìbínú náà jí, ó ń bá a jókòó sídìí màṣíìnì, bó bá sì wo ọkọ̀ pupa yẹn láti ojú fèrèsé, ojú ìyá rẹ̀ ló ń rí.

Iwájú ilé wọn dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ lọ sísàlẹ̀, ó fi parí síbi àpáta ńlá kan tí àwọn ará àdúgbò máa ń sá aṣọ lé. Ọkọ̀ kọjú sí ìsàlẹ̀ náà. Nítorí ó ti wálẹ̀ jù, ènìyàn kò lè wọ abẹ́ rẹ̀ láìgbé e sókè, Sówándé bá fi jáàkì gbé ìdí rẹ̀. Kò sí bíréèkì ọwọ́, kò sí gíà. Fadérẹrà fúnra rẹ̀ ló ronú débẹ̀, tó gbé òkúta pẹlẹbẹ kan wá, tó fi há táyà iwájú. Sówándé ní kó wọnú ọkọ̀ lọ tẹ bíréèkì mọ́lẹ̀ kí ọkàn òun lè balẹ̀. Iṣu wà lórí iná. Fadérẹrà pa iná, ó lọ jókòó, ó sì tẹ̀ ẹ́.

Erùpẹ̀ ibẹ̀ rọ̀, jáàkì bẹ̀rẹ̀ sí í rì. Sówándé sọ ọ́ kalẹ̀, ó lọ yọ òkúta tí ìyàwó rẹ̀ fi há táyà, ó tẹ́ ẹ sábẹ́ jáàkì, ó tún gbé ọkọ̀ sókè. Abẹ́òkúta nìyí o, ìlú tí òkúta pọ̀ ju ilé lọ, ọkùnrin yìí kò lè rìn dé ẹ̀yìnkùlé lọ gbé òmíràn. Fadérẹrà yọ orí lójú fèrèsé ọkọ̀, ó ní kó jọ̀ọ́, kó wá òkúta mìíràn.

"Ṣé ìwọ ni mẹkáníìkì ni?" Sówándé bi í. "Ṣáà tẹ bíréèkì." Ó sùn sílẹ̀, ó sì yọ́ wọ abẹ́ ọkọ̀.

Nọ́ọ̀tì kan ti dípẹtà, kò fẹ́ tú. Sówándé bú nọ́ọ̀tì. Nígbà tí nọ́ọ̀tì kò dá a lóhùn, ó kọjú sí ìyàwó rẹ̀. Ó ní obìnrin náà ló ń mi ọkọ̀. Ó ní kò sí ohun tó mọ̀ ọ́n fẹsẹ̀ ṣe ju kó tẹ màṣíìnì lọ. Ó ní bí òun bá fẹ́ ẹni tó gbọ́n ni, ọkọ̀ ì bá ti parí. Fadérẹrà ń tẹ bíréèkì rẹ̀ lọ. Ẹsẹ̀ tó ti ń tẹ màṣíìnì láti ọdún gbọọrọ kì í tètè rẹ̀. Ìbéèrè kan ṣoṣo ló bi í, pé ṣé ọkọ̀ yìí á lè lọ sí Ìmàlà lọ́jọ́ Ajé.

"Ìmàlà, Ìmàlà," Sówándé dáhùn lábẹ́ ọkọ̀. "Ojú tó fọ́ ti fọ́. Arúgbó yẹn ti rí gbogbo ohun tó máa rí láyé. Sàlẹ́ńsà ni mò ń ṣe, má yọ mí lẹ́nu."

Fadérẹrà wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Ó wò ó pẹ́. Ohun tó gba ọkàn rẹ̀ kọjá nígbà náà, kò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni títí di òní, kò sì yẹ ká bi í. Ẹsẹ̀ náà gbọ̀n díẹ̀, ọkọ̀ sì dún kẹ̀ẹ̀ lórí jáàkì.

"Bàbá Dàpọ̀," ó pè é, ohùn rẹ̀ kò ga. "Ta ló wà lábẹ́ ọkọ̀?"

Sípánà dákẹ́.

"Ta ló tẹ bíréèkì?"

Sówándé yí orí. Ó wo ìdí táyà iwájú, kò sí òkúta níbẹ̀. Ó wo abẹ́ jáàkì, ó rí òkúta. Ó rántí ibi tó ká okùn bíréèkì ọwọ́ sí, ó rántí ọ̀pá gíà tó gé. Kò sí ìkankan nínú wọn tí ẹlòmíràn bá a ṣe. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ki ìyàwó rẹ̀ ní Àjíkẹ́, oríkì tí kò pè é láti ìgbà tí wọ́n ti bí Dàpọ̀ ọmọ wọn. Ó ní ọ̀rọ̀ lásán ni, ó ní nọ́ọ̀tì ló bí òun nínú.

"Ẹ jáde," Fadérẹrà wí. "Ẹ tètè jáde kí n tó rò ó lẹ́ẹ̀kejì."

Ó fi ìdí wọ́ jáde, ẹ̀wù rẹ̀ ya, ìpẹtà kún iwájú orí rẹ̀. Fadérẹrà kò gbé ẹsẹ̀ títí ọkùnrin náà fi dìde dúró gbọnrangandan. Ká ní ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀ ni, Sówándé ì bá ṣì ní ọkọ̀. Ṣùgbọ́n bó ti gbọn erùpẹ̀ ara rẹ̀ nù, ó gbójú sókè, ó rí Bàbá Sóyẹmí, àgbàlagbà tí ilé rẹ̀ kángun sí tiwọn, níbi tó dúró sí ní ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Bàbá ti gbọ́ gbogbo ẹ̀bẹ̀ náà pátá. Ìtìjú mú Sówándé, ojú tó ń tì í sì sọ ọ́ di akin. Ó na ìka sí ìyàwó rẹ̀.

"Sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀ mi."

"Ẹ ní kí n sọ̀kalẹ̀?"

"Àbí o ti di adití ni? Mo ní kó o sọ̀kalẹ̀."

Fadérẹrà wo ọ̀nà ìsàlẹ̀. Kò sí ọmọdé, kò sí ewúrẹ́, wọ́n sì ti kó aṣọ kúrò lórí àpáta. Ó ṣí ilẹ̀kùn, ó fi ẹsẹ̀ òsì kan ilẹ̀. Ó wá gbọ́ràn sí ọkọ rẹ̀ lẹ́nu.

Ọkọ̀ yọ̀ lórí jáàkì, ìdí rẹ̀ balẹ̀ gbì. Ó kọ́kọ́ rọra lọ bí ẹni tí kò mọ̀ bóyá òun ni wọ́n rán níṣẹ́, lẹ́yìn náà ó rí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, ó sì sáré. Ìgbà àkọ́kọ́ tó sáré bí Sówándé ṣe ń fẹ́ nìyẹn. Ó lọ fi imú sọ àpáta, iwájú rẹ̀ ká jọ, ẹ́ńjìnnì alágbára náà wọnú àga, sàlẹ́ńsà tuntun já, ó yí gbirigbiri lọ sínú gọ́tà.

Sówándé ká ọwọ́ lérí. Ó bi Bàbá Sóyẹmí bóyá ó rí ohun tí obìnrin yìí ṣe.

"Mo rí i," ni Bàbá wí. "O ní kó sọ̀kalẹ̀, ó sọ̀kalẹ̀. Ìwọ ti jáde lábẹ́ ọkọ̀, ọkọ̀ kò tíì jáde lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, o tún la ẹnu."

Àwọn onílàjà dé lálẹ́ ọjọ́ náà. Wọ́n ní inú bíbí kò da nǹkan, sùúrù ni bàbá ìwà. Fadérẹrà dá wọn lóhùn pé òun ti bá bàbá ìwà gbé láti ìgbà tí ọjọ́ àkọ́kọ́ ti bọ́, ojú ìyá òun kò tìtorí rẹ̀ là. Nígbà tí ọjọ́ Ajé mọ́, ó háyà takisí kan, òun nìkan ló lọ gbé ìyá rẹ̀ ní Ìmàlà.

Iṣẹ́ abẹ ojú náà yọrí sí rere. Nígbà tí wọ́n tú aṣọ kúrò lójú ìyá, ó wá sinmi ní Ìtòkò. Ó jókòó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ń wo ohun gbogbo, ewé, adìyẹ, ìlà ọwọ́ ara rẹ̀. Ojú rẹ̀ wá lọ sí ohun pupa tó wà nídìí àpáta, ó bèèrè pé ta ló gbé ọkọ̀ síbẹ̀ yẹn. Fadérẹrà tẹjú mọ́ ọkọ rẹ̀. Sówándé dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

"Ẹnu mi ni, Màmá," ó wí.

Nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn dé, kànga àdúgbò gbẹ, wọ́n pe agbẹ́kànga kó wá gbẹ́ ẹ jìn sí i. Ọkùnrin náà wà nísàlẹ̀ pátápátá, ó ń bú ẹni tó di okùn rẹ̀ mú lókè. Ó bú baba rẹ̀, ó bú ìyá rẹ̀. Ọwọ́ ẹni tó di okùn mú ti ń gbọ̀n. Sówándé tó dúró nítòsí rí ọwọ́ náà, ó rántí bí ọkọ̀ ṣe dún kẹ̀ẹ̀ lórí òun. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ létí kànga, ó rọra sọ̀rọ̀ sísàlẹ̀. Agbẹ́kànga dákẹ́ lójú ẹsẹ̀, kò sì bú ẹnikẹ́ni mọ́ títí wọ́n fi fà á jáde. Àwọn tó mọ ìtàn àpáta bú sẹ́rìn-ín, wọ́n gba ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu Sówándé, wọ́n sì gbé e rìn káàkiri Ìtòkò. Fadérẹrà, tó gbé omi mímu wá fún àwọn òṣìṣẹ́, gbọ́ ọ kedere. Òun kò rẹ́rìn-ín.

Ẹni tó wà lábẹ́ ọkọ̀ kì í bú ẹni tó tẹ bíréèkì.