Iná Inú Irùngbọ̀n Olóyè

Nígbà ọyẹ́ kan, Olóyè Ṣówándé fẹ́ lé Ìbídùn, atúnrédíòṣe, kúrò ní ṣọ́ọ̀bù tí Olóyè fi háyà fún un. Ó ní àfi tó bá fi iná mànàmáná han òun lójú gbogbo èrò, láìlo wáyà, bátìrì tàbí jẹnẹrétọ̀. Ìbídùn tọrọ òòyà oníke Olóyè, ó fi ya irùngbọ̀n Olóyè tó gbẹ dáadáa, ó sì nà án sí bébà wẹ́wẹ́. Bébà fò, ó lẹ̀ mọ́ òòyà. Olóyè ní, “Ṣé èyí lè tan gílóòbù?” Ìbídùn ní, “Rárá, sà. Oríṣi méjì ni iná mànàmáná: ọ̀kan máa ń jókòó sójú kan, èkejì máa ń rìn. Ẹ ní kí n má lo wáyà tí èkejì ìbá gbà kọjá, ìdí nìyẹn tí mo fi mú èyí tó jókòó wá.” Olóyè bú sẹ́rìn-ín, ó ní kó máa lo ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ lọ, kó ṣáà dá òòyà òun padà.