Ìgbín Délànà àti Òkúta Kẹta

Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni Délànà fi wa bọ́ọ̀sì ní Lọ́ńdọ̀nù. Ọjọ́ tó fẹ̀yìn tì, àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fún un ní aago, wọ́n rò pé yóò lọ sílé lọ máa wò ó. Délànà kò wo aago. Ọkọ̀ ló lọ rà, irú èyí tó ní ibùsùn àti ibi ìdáná nínú, tí àwọn òyìnbó fi ń gbé ilé wọn kiri bí ẹni tí onílé lé jáde. Ọkọ̀ náà dàgbà ju àbíkẹ́yìn rẹ̀ lọ, àbíkẹ́yìn ọ̀hún sì ti ń pá lórí. Délànà sọ ọ́ ní Ìgbín.

Ó wí fún Fẹ̀hìntọ́lá ìyàwó rẹ̀ pé, "Ìyá Kúnmi, ojú ọ̀nà kan náà ni mo ń lọ tí mo ń bọ̀ láti ọjọ́ yìí. Ní báyìí, èmi ni ìgbín. Ibi tó bá wù mí ni n ó fà lọ."

"Èmi ńkọ́?"

"Ìwọ ni ìkarahun. Ìgbín tí kò ní ìkarahun, oúnjẹ adìyẹ ni."

Fẹ̀hìntọ́lá rẹ́rìn-ín, ó sì di ẹrù rẹ̀. Ẹ̀rín báyìí ti kó ọ̀pọ̀ obìnrin sí wàhálà.

Sípéènì dùn. Nígbà tí wọ́n dé Ítálì, nǹkan kan bẹ̀rẹ̀ sí í ké nínú ikùn Ìgbín. Délànà yí rédíò sókè kí ó má baà gbọ́ ọ. Irú ìtọ́jú tí ọ̀pọ̀ ọkùnrin ń ṣe fún àìsàn ara wọn náà nìyẹn. Kí wọ́n tó fi ọkọ̀ ojú omi sọdá sí ilẹ̀ Gíríìsì, bíréèkì ọwọ́ ti kú, jíà pàápàá kì í fẹ́ dúró níbi tí wọ́n bá fi í sí.

Délànà ní, "Kí la fẹ́ fi bíréèkì ọwọ́ ṣe? Ọkọ̀ gẹdú tí mo bá ṣiṣẹ́ ní Ọ̀rẹ̀ kí n tó wá sókè òkun, òkúta la fi ń há táyà rẹ̀. Ṣé ó pa wá ni?"

Ó ṣa òkúta pẹlẹbẹ kan lẹ́bàá ọ̀nà. Láti ọjọ́ náà, ibikíbi tí wọ́n bá ti dúró, Fẹ̀hìntọ́lá ni yóò bẹ́ sílẹ̀ lọ ki òkúta bọ abẹ́ táyà. Nọ́ọ̀sì àgbà tí àwọn dókítà ń bẹ̀rù ló wá di ọmọ ọkọ̀ ní ẹni ọdún mẹ́tàlélọ́gọ́ta.

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gun òkè. Ọ̀nà náà tín-ín-rín, àpáta lápá kan, ọ̀gbun lápá kejì, òkun sì ń dán nísàlẹ̀ pátápátá. Lẹ́bàá ọ̀nà, Fẹ̀hìntọ́lá ń rí àwọn ilé kékeré kan tí wọ́n gbé ka orí ẹsẹ̀ irin, tí àtùpà ń jó nínú wọn.

"Bàbá Kúnmi, ẹ wo ilé ẹyẹlé wọn bó ti lẹ́wà!" Ó ń ya wọ́n ní fọ́tò.

Obìnrin kan tó ń ta epo ọkọ̀ ló là á lójú. Ó nawọ́ sí ilé kékeré kan, ó na ọwọ́ náà sí ọ̀gbun, ó sì jẹ́ kí ó já bọ́ wálẹ̀ bí ẹyẹ tí wọ́n yìnbọn fún. Ó fi àmì àgbélébùú sára. Gbogbo ibi tí ilé náà wà, ọkọ̀ ti já bọ́ níbẹ̀ rí.

Láti ìgbà náà, Fẹ̀hìntọ́lá kò ya fọ́tò mọ́. Kíkà ló ń kà wọ́n. Ó kà wọ́n dé ìkọkàndínlógún. Bí Délànà bá ti fẹ́ yí kọ́nà, ẹsẹ̀ obìnrin náà á máa tẹ ilẹ̀ ọkọ̀ mọ́lẹ̀, níbi tí bíréèkì kankan kò sí.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kẹsàn-án, wọ́n dúró sí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kan.

Fẹ̀hìntọ́lá ní, "Bàbá Kúnmi, wọ́n ní ọkọ̀ ojú irin wà ní ìlú ìsàlẹ̀ yẹn. Ẹ sọ̀ mí síbẹ̀ lọ́la. Mo ń lọ sílé."

"O fẹ́ fi mí sílẹ̀ ní ilẹ̀ onílẹ̀?"

"Ẹ̀yin náà ẹ sọ̀ kalẹ̀."

"N kò ní sọ̀."

"Ó dàbọ̀ nìyẹn."

Délànà fìbínú wọlé lọ dùbúlẹ̀ lórí ibùsùn. Kò pẹ́ tí ìbínú fi di ìhanrun.

Gáàsì ti tán. Fẹ̀hìntọ́lá ṣa igi gbígbẹ, ó ní kí òun dáná sílẹ̀ẹ́lẹ̀ bí wọ́n ti ń ṣe nílé ìyá rẹ̀ ní Ìgbájọ. Ó rí òkúta méjì, ìkòkò ń mì lórí wọn. Ààrò kì í sì í ṣe méjì. Ó wá ẹ̀kẹta títí. Èyí tó rí tóbi jù, òmíràn kéré jù. Ojú rẹ̀ wá bọ́ sórí òkúta pẹlẹbẹ tó ti ń gbé láti ọjọ́ mẹ́sàn-án, tí ọwọ́ rẹ̀ ti mọ̀ bí ó ti mọ omorogùn. Inú ń bí i, ebi sì ń pa á. Àwọn méjèèjì kì í jẹ́ kéèyàn ronú. Ó fà á yọ, ó gbé ìkòkò lé e.

Ìkòkò dúró ṣinṣin. Ìgbín ni kò dúró.

Kò gbọ́ ohùn kankan. Oòrùn ló kọ́kọ́ ta á lẹ́yìn ọrùn, nítorí pé òjìji ọkọ̀ ti kúrò lórí rẹ̀. Ó yíjú padà. Ìgbín ń lọ, jẹ́jẹ́, jẹ́jẹ́. Nísàlẹ̀ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ náà, ògiri kúkúrú kan ló wà, lẹ́yìn ògiri, ojú ọ̀run. Ilé kékeré kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri náà, àtùpà ń jó nínú rẹ̀.

"Bàbá Kúnmi o! Bàbá Kúnmi!"

Ìhanrun ló dá a lóhùn.

Obìnrin tó ti búra pé òun kò ní wọ ọkọ̀ náà ju ọ̀la lọ kò dúró rò ó. Ó sáré. Ó di ilẹ̀kùn mú, ọkọ̀ wọ́ ọ, bàtà rẹ̀ kan bọ́ sílẹ̀. Ó fi àyà wọ́ wọlé, ó ṣubú sábẹ́ ìdarí ọkọ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì tẹ bíréèkì ẹsẹ̀, ó fi àyà tì í. Ìgbín kérora. Irin ha ògiri. Ó dúró.

Òkúta wẹ́wẹ́ bọ́ sínú ọ̀gbun. Fẹ̀hìntọ́lá dẹtí kí ó gbọ́ ìgbà tí wọn yóò délẹ̀. Kò gbọ́.

Délànà yán. "Ìyá Kúnmi, ṣé oúnjẹ ti jinná ni?"

"Ẹ má mí."

Délànà gbójú sókè. Kò rí ọ̀nà nínú gíláàsì iwájú, òkun nìkan ló rí. Akọni ọkọ̀ gẹdú fi ẹ̀yìn rá jáde bí olè tí ajá rí, ó sì ń kó òkúta sábẹ́ táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bí ẹni tó fẹ́ kọ́lé.

Lọ́jọ́ kejì, ó rọra wakọ̀ dé ibùdó ọkọ̀ ojú irin. Òun fúnra rẹ̀ ló gbé àpò ìyàwó rẹ̀ sọ̀.

"Máa lọ, Ìyá Kúnmi. O jàre mi."

Ọkọ̀ ojú irin dé. Ẹ̀rù ṣì ń ba Fẹ̀hìntọ́lá, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì wú. Ó wẹ̀yìn, ó rí Délànà tó gbé òkúta pẹlẹbẹ lọ́wọ́, tó ń wo táyà, tó ń wo àga dírẹ́bà, tí kò mọ bí ẹnì kan ṣe lè wà níbi méjèèjì. Ó gbé àpò rẹ̀, ó sọ ọ́ padà sínú Ìgbín.

"Kí ló dé?"

"Ẹ gbé òkúta yẹn wá. Ọkọ̀ yìí kò ní kúrò nílùú yìí títí wọn yóò fi tún bíréèkì ọwọ́ rẹ̀ ṣe. Bí ẹ bá sì tún dárúkọ Ọ̀rẹ̀ fún mi, èmi ni n ó tì yín sínú ọ̀gbun."

Nígbà tí ìròyìn náà dé Ìgbájọ, àwọn àgbà rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Ẹni tó bá sọ pé òwe tí wọ́n pa lọ́jọ́ náà ti wà kí wọ́n tó bí bàbá Délànà, kó wá júwe ìgbín tirẹ̀ fún wa. Ibi tí àwọn àgbà ti fa òwe náà yọ nìyí, tí wọ́n fi ń sọ pé: bí ìgbín bá ń fà, ìkarahun a tẹ̀lé e.